Igi Mọ́kànlá Tí Kò Ṣàìsàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò rìn jìnnà mọ́, ariwo òkun sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Mautin, alága ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé wa, wá bá mi pé kí n bá yín kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń pín ọmọ igi àgbọn tuntun, àgbọn tí àrùn kì í pa. Ó ní wọ́n ti fún Kankon, wọ́n ti fún Ikoga, wọ́n tilẹ̀ ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Topo; àwa nìkan ni wọ́n fò dá. "Dàágbó," ni ó wí, bí a ti máa ń pe bàbá àgbà níhìn-ín, "ẹ̀yin lẹ kàwé jù nínú wa. Ẹ bá wa fi gẹ̀ẹ́sì gidi bú wọn." Mo ní màá kọ ọ́. N kò tíì kọ ọ́. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi fò wá dá, kò sì sí lẹ́tà tó lè tún un ṣe.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún yín nípa ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì ni mo ti ń kọ ohun tí ojú mi rí lójoojúmọ́ sínú ìwé. Àwọn ìwé náà wà nínú àpótí páànù lábẹ́ ibùsùn mi, ikán sì ti jẹ díẹ̀ nínú wọn. Èrò mi ni pé níwọ̀n bí mo ti kọ nǹkan sílẹ̀, mo rántí rẹ̀ náà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kọ tí n kò padà kà á. Níbi tí orí mi àti ìwé mi kò bá ti fẹnu kò, màá sọ fún yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ pinnu èyí tí ẹ ó gbà gbọ́.

Ohun tí ẹ mọ̀ sí abúlé yìí ni iyanrìn, oòrùn, àti àwọn òpó dúdú tí kò lórí wọ̀nyẹn tí ẹ ń so okùn aṣọ mọ́. Igi ni wọ́n. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ènìyàn lè rìn láti ẹnu ọ̀nà Baálẹ̀ títí dé etí ọ̀sà kí oòrùn má kàn án lórí. Bẹ́ẹ̀ ni mo rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé mi ti àkókò kan náà sọ pé mo ra akẹtẹ̀ ní Àgbádárìgì nítorí pé oòrùn abúlé ń fọ́ mi lórí. Ó lè jẹ́ pé òjìji náà kò tó bí mo ti ń sọ ọ́. Ó dá mi lójú ṣá pé ó wà.

Ìró ni ó dá mi lójú jùlọ. Bí àgbọn bá gbó tí ó já fúnra rẹ̀, tí ó sì balẹ̀ gbì nínú iyanrìn, kì í ṣe ẹni tó ni igi ló ni ín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìró rẹ̀ tí ó sì ké "Tèmi" ló ni ín. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Obìnrin tó ń wẹ ọmọ lè ké e láti ẹ̀yìnkùlé, arúgbó tí kò lè dìde lórí ẹní lè ké e, wọn a sì gbé e wá bá a níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Mo rántí ìsìnkú kan tí olùkọ́ ìjọ ń gbàdúrà, tí gbogbo wa dijú, tí àgbọn já lẹ́yìn ilé ìjọ. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ké "Tèmi" kí ó tó ṣe "Àmín". Ìyàwó olóògbé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dì í mú. Níbi ìsìnkú náà la ti fọ́ àgbọn yẹn jẹ.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn, n kò sì fẹ́ fi oyin bò ó fún yín. Àwọn ọkùnrin a di okùn mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn a sì fò gun igi tó ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Baba mi já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì ló sọ ọ́ di arọ. Àwọn obìnrin a ri èèpo àgbọn mọ́ inú ẹrẹ̀ ọ̀sà fún oṣù mẹ́fà títí yóò fi rà, wọn a wá fi kùmọ̀ lù ú, kí wọ́n lè rí òwú inú rẹ̀ fi ṣe okùn. Òórùn ẹrẹ̀ náà kì í kúrò lára aṣọ. Ní yunifásítì, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan bi mí léèrè bóyá nǹkan kan kú sínú àpótí mi. Mo purọ́ fún un pé ẹja gbígbẹ ni. Títí di òní n kò mọ ìdí tí ẹja gbígbẹ fi níyì lójú mi ju iṣẹ́ ìyá mi lọ.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ ọkọ̀ lọ sí Apapa láti lọ máa já sìmẹ́ǹtì. Òróró inú agolo láti òkè òkun wọ ọjà Àgbádárìgì, ó mọ́, kò rùn. Àdín àgbọn tí àwọn ìyá wa ń fi odindi ọjọ́ kan dín lórí iná wá di ohun tí à ń fi pa ara ọmọ nìkan. Síbẹ̀, igi ṣì wà. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó mọ̀ pé igi baba òun ń dúró de òun, yóò sì padà wálé pẹ̀lú rédíò ńlá kan léjìká bí ẹni tó ṣe ohun tó lọ ṣe.

Ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn, tí mo wà nílé tí mò ń retí ìwé iṣẹ́ ìjọba, ni àrùn náà wọlé. Àgbọn tí kò tíì gbó ló kọ́kọ́ ń já. Imọ̀ igi a pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, a wọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, odidi orí igi a já bọ́, a sì ku òpó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo abúlé ń ké "Tèmi, tèmi", à ń sáré kiri, inú wa dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tó ń ké ti dín kù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, àgbọn ń já gbì, gbì, gbì lọ́sàn-án gangan, kò sì sí ẹni tó la ẹnu.

Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ wá. Kò lò tó wákàtí kan. Ó ní ohun alààyè kan tí ojú kò lè rí ló wà nínú omi ara igi, kòkòrò kékeré kan ló ń fa omi náà mu, tí ó sì ń gbé e láti igi dé igi. Kí a gé gbogbo igi tó bá ń ṣàìsàn, kí a sun ún. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gun, èdè wa, fún àwọn àgbà. N kò lè gbàgbé bí inú mi ti dùn tó sí ohùn ara mi lọ́jọ́ náà.

Ní ìpẹ̀kun abúlé, níbi tí iyọ̀ òkun ti ń fẹ́ sínú ọbẹ̀, opó kan ń gbé tí à ń pè ní Ìyá Senami. Apẹja tó wá láti ìwọ̀-oòrùn jíjìn ni ọkọ rẹ̀. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló kó àgbọn wá, ó gbìn ín, igi mọ́kànlá sì hù níbẹ̀. Igi náà kúrú, àgbọn wọn sì pọ́n bí amọ̀. À ń pè wọ́n ní igi aràrá. Òkun gbé ọkọ náà lọ. Opó àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo sì ń jẹun lára igi yẹn. Ẹnu obìnrin náà mú. Bí àwọn agungi bá fi igi rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹ máa gun èyí tó ga tiyín lọ. Ẹni tó bá já bọ́ lórí tèmi, á dìde." Ó sọ ọ́ lójú baba mi lọ́jọ́ kan, nígbà tí baba mi jókòó sórí àga tí kò lè dá kúrò. Baba mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí igi gbogbo wa ń kú, igi mọ́kànlá yẹn dúró, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Baálẹ̀ pe ìpàdé. Hunsu, olórí àwọn agungi, ló kọ́kọ́ dìde.

"Igi mẹ́tàdínlógójì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́," ni ó wí. "Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ wọ́n."

"Béèrè lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ ń sanra," ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn.

Ìyá Senami kò dìde. Ó ní, "Hunsu, ìyàwó ẹ náà ń sanra. Ṣé òun náà ló jẹ wọ́n?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ni ó ba nǹkan jẹ́, nítorí pé ojú Hunsu yí padà. Baálẹ̀ wá kọjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, kí ni ìwé wí?"

Ohun tí mo ti rántí láti ọjọ́ náà títí di ọdún tó kọjá ni pé mo ní n kò mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ pẹ̀lú àáké. Mo tẹ̀ lé wọn. Obìnrin náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ó ń lọ láti iwájú ẹnìkan dé iwájú ẹlòmíràn lórí orúnkún rẹ̀. "Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. Ẹyọ kan, èyí tí ọkọ mi kọ́kọ́ gbìn. Ọmọ yìí ò ní ohun míì tó máa jẹ."

Hunsu ní, "Ọkọ ẹ ń bẹ nínú òkun. Lọ bá a níbẹ̀, kó gbin òmíràn fún ẹ."

Nígbà tí igi àkọ́kọ́ ṣubú, wọ́n la orí rẹ̀. Ohun funfun kan wà nínú orí igi àgbọn, níbi tí imọ̀ tuntun ti ń rú jáde. Ó rọ̀, ó sì dùn. Ọkàn igi ni à ń pè é. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́ àfi tí igi bá ṣubú, nítorí pé igi tí a bá yọ ọkàn rẹ̀ ti kú. Ọkàn igi tiwa ti jẹrà láti ọwọ́ àrùn. Tirẹ̀ mọ́ kedere. Ebi sì ń pa wá. Ìyàwó Hunsu gbé iyọ̀ wá. A jókòó sórí ara igi tó ṣubú, a ń jẹ, a ń gbé e fún ara wa, a ń sọ pé ó dùn, obìnrin náà sì wà níbẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ tó ń wò wá. Ẹnìkan gbé díẹ̀ fún Senami, ọmọ rẹ̀, tí kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ náà fi sẹ́nu. Ìyá rẹ̀ fi ìka yọ ọ́ jáde. Ọmọ náà sunkún nítorí pé ebi ń pa á, àwọn kan nínú wa sì rẹ́rìn-ín.

Mo jẹ nínú rẹ̀. Ìwé mi àti orí mi fẹnu kò lórí ìyẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó kó agbọ̀n kan àti ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó fi ara rẹ̀ ti ọkọ̀ náà kúrò ní èbúté. Kò sí ẹni tó bá a ti i. Òjò ọdún méjì kò tíì rọ̀ tán tí gbogbo igi wa yòókù fi kú, títí kan àwọn tí kò ní àmì àìsàn kankan nígbà tí a gé tirẹ̀. A kò sọ ọ́ fún ara wa pé a ṣe àṣìṣe. A kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ ni, ilé kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn ìkòkò àdín dípẹtà. Ìwé iṣẹ́ mi dé. Mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì, mo ń tẹ̀ lé àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀ ní ohun tí wọn yóò gbìn.

Ní ọdún tó kọjá ni Dókítà Moráyọ̀ wá, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí lórí àgbọn. Ìmọ̀ ti rìn jìnnà lẹ́yìn ìgbà tèmi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ṣàlàyé fún mi pé wọ́n lè gé ewé tí kò ju èékánná lọ, kí wọ́n ka ohun tí igi náà jogún lọ́wọ́ àwọn tó bí i, bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ó ní ọ̀pọ̀ wákàtí ni òun fi ń rìn láti abúlé dé abúlé, tí òun ń bi àwọn àgbà ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Bàbá, igi tó wà láàárín òkú tí kò kú, òun là ń wá," ni ó wí. "Ohun tó gbà á là wà lára rẹ̀, ó sì máa fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣé ẹ rí irú rẹ̀ rí, sà?"

Mo ní mo rí i. Ó fa bírò yọ. "Mélòó?"

"Mọ́kànlá."

Ẹ ò rí bí ojú rẹ̀ ti tàn. Nígbà tí mo sọ pé wọ́n ti gé wọn, ó rọra dé bírò náà, ó ní, "Ta ló gbọ́n tó bẹ́ẹ̀?"

Oníṣòwò kan ti sọ fún mi rí pé Senami ń gbé ní Ikoga, a sì lọ. Ó ti di àgbàlagbà, ó sanra, ó ń ta èlùbọ́ níwájú ilé ara rẹ̀. Lẹ́yìn ilé náà, igi kúkúrú mẹ́rìnlá dúró, àgbọn wọn pọ́n bí amọ̀. Láti inú àgbọn tí ìyá rẹ̀ kó sínú agbọ̀n nígbà tó ń sá lọ ni wọ́n ti hù. Ó wò mí títí.

"Fòfó," ni ó wí, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní èdè wa, "ẹ ti gbó o."

"Ìwọ náà ti dàgbà, Senami."

"Èmi? Mò ń sanra ni. Ẹ mọ̀ pé ìdílé wa ló ń jẹ igi onígi."

Moráyọ̀ rò pé à ń ṣàwàdà, ó bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Senami tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi parí, ó wá ní, "Ìyẹn ni pé, ká ní wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀, òun ni ì bá gba gbogbo wọn là."

"Ó ṣeé ṣe dáadáa, mà."

"Ìyá mi ò gbọ́ èyí kó tó kú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Igi ìdáná ló rù tà títí àwọn igi wọ̀nyí fi so; ọrùn rẹ̀ wọ́, kò tún nà mọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ọmọ mi, mú ewé, mú àgbọn, mú iye tó bá wù ẹ́. Mi ò gba kọ́bọ̀. Fún Kankon, fún Topo, fún gbogbo ayé. Ohun kan ni mo fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni tó jẹ ọkàn igi ìyá mi bá ṣì wà láàyè, ẹyọ kan ò gbọ́dọ̀ wọ iyanrìn wọn. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí n tẹ̀ka."

Moráyọ̀ kọjú sí mi. "Bàbá, abúlé yín ni. Ṣé kí n kọ ọ́?"

Kò mọ ohunkóhun nípa mi. Senami mọ̀. Ó ń wò mí bí ìyá rẹ̀ ti wò wá. Mo ní, "Kọ ọ́."

Bí a ti fẹ́ máa lọ, Senami ní, "Fòfó, lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, nígbà tí Baálẹ̀ bi yín, kí lẹ sọ?"

"Mo dákẹ́ ni."

"Ẹ dákẹ́ kẹ̀? Ọmọdé ni mí, mo lè ṣì í gbọ́. Ẹ lọ wo ìwé yín. Ẹ kì í fi ìwé sílẹ̀ nígbà yẹn."

Mo dé ilé, mo fa àpótí páànù náà jáde. Mo gbàdúrà pé kí ikán ti jẹ ojú ewé náà. Kò jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín bí mo ti kọ ọ́: "Lánàá, mo ṣàlàyé fún Baálẹ̀ pé bí ènìyàn ti lè gbé àrùn kiri kí ó má ṣe é fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni igi, igi tí kò ṣàìsàn ló ń pa àrùn mọ́ fún àwọn yòókù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n bèèrè lónìí bóyá a lè fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún opó náà. Mo ní rárá, bí a bá fi ẹyọ kan sílẹ̀, a kò ṣe nǹkan kan. Mo gbé díẹ̀ lọ fún baba mi nílé. Ọkàn igi náà dùn ju bí mo ti rò lọ."

Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. N kò rántí pé mo sọ ọ́. Nípa ènìyàn ni wọ́n kọ́ wa ní ohun tí mo wí, kì í ṣe nípa igi. Mo kàn gbé e láti ibi kan sí ibòmíràn nítorí pé gbogbo ojú ń wò mí. Tàbí nítorí ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ lójú baba mi. Ìwé kò sọ èwo ni. Èmi tí ó yẹ kí n mọ̀ kò mọ̀.

Nítorí náà ni ọmọ igi tuntun kò fi dé ọ̀dọ̀ yín. Ìyá Senami kò ṣẹ̀ yín, ẹ̀yin kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ kò tilẹ̀ tíì dé ayé. Mo ti ka àwọn tó jẹ nínú ọkàn igi náà. Baba mi ti kú tipẹ́. Hunsu já bọ́ nínú ilé alájà kan tí wọ́n ń kọ́ ní Apapa. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún tó kọjá. Baálẹ̀, olùkọ́ ìjọ, àwọn agungi, gbogbo wọn ti lọ. Ó ku ẹnìkan.

Àná ni mo sọ gbogbo èyí fún Mautin kí n tó pe yín jọ. Kò bú mi. Ó jókòó, ó ń dárúkọ àwọn àgbà ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá mo gbàgbé ẹnìkan: télọ̀ tó kó lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ńkọ́? Mo ní ó ti kú. Ìyá àgbà tó wà ní Topo ńkọ́? Mo ní kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó mi orí.

"Dàágbó," ni ó wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gidigidi, "ẹ ti pé ọmọ ọdún mélòó báyìí?"

Mo sọ fún un.

"Ikọ́ yín yẹn ńkọ́?"

Mo ní oògùn tuntun tí wọ́n fún mi ní ọsibítù ti ń bá a jà, mo sì ń sùn dáadáa. Ó ní ó dára. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá oògùn náà ṣì kù púpọ̀.